Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró

Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan, tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kó má fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀ o. Awọ inú ilé ọmọ lè ti nípọn jù. Ẹ̀rọ ekografí á fi hàn pé ó nípọn, kò lè sọ irú èyí tó jẹ́. Dókítà á fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ (ó máa ń dunni bí inú rírun nǹkan oṣù, a ò ní parọ́), lábò á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí hóró ara ibẹ̀ bá kàn pọ̀ jù, oògùn sábà máa ń ká a. Bí ìrísí wọn bá ti yí padà, jẹjẹrẹ ti súnmọ́. Wọ́n sábà máa ń yọ ilé ọmọ nìyẹn. Èsì kì í tètè jáde. Ẹ béèrè ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbà á, kẹ́ ẹ sì padà lọ.