Ẹ yéé da ọ́ìlì sínú power steering tó ń jò o! Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń gbà jáde

Àtàárọ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ariwo náà ní Ṣómólú àti Bàrígà, nígbà tí àwọn onímọ́tò bá ń rọra yí ọkọ̀ wọn jáde láàárín àwọn tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí sítíárìn bá ti dé ìpẹ̀kun báyìí, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "huuun", sítíárìn á wá le bí ẹni ń yí ọlọ. Kíá lonímọ́tò á ti ní ọ́ìlì power steering ló lọ sílẹ̀. Á ra òmíì, á dà á sí i, ariwo á dákẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ á tún ti padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ọ́ìlì yìí ò dà bíi bẹntiróòlù tí mọ́tò ń jó. Pọ́ǹpù ló ń fà á látinú ike rẹ̀, á tì í gba inú hóòsì lọ sínú ráàkì tó ń yí táyà iwájú, látibẹ̀ lá tún ti padà sínú ike. Tó bá wá ń dínkù, ó níbi tó ń gbà jáde, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹni tó bá ń da òmíì sí i láì wá ibẹ̀, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Àwọn tó wa Volkswagen ìjàpá ò mọ wàhálà yìí. Lọ́dún 1975 tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ọ̀jọ́, l'Ékòó, agbára apá ni wọ́n fi ń yí ìjàpá. Àmọ́ ọ́ìlì ló ń yí sítíárìn àwọn tòkunbọ̀ bíi Camry Big Daddy àti Honda Accord End of Discussion. Ọ̀pọ̀ wọn ti tó ogún ọdún, rọ́bà inú wọn ti gbó. Ti Corolla Amẹ́ríkà láti ọdún 2009 àti Camry láti 2012 yàtọ̀, iná ló ń yí tiwọn, wọn ò ní ọ́ìlì yìí rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe ò náni lówó. Kí onímọ́tò tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, kó wò ó láàárọ̀. Tó bá jẹ́ omi lásán, ti AC ni. Tó bá dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì. Tó bá pupa, ẹ má tíì pariwo o, torí ọ́ìlì jíà náà pupa. Ẹ yẹ méjèèjì wò, èyí tó bá dínkù nínú wọn lọ̀daràn.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjíìnì bá tutù, kí wọ́n fọ ara pọ́ǹpù, hóòsì àti ráàkì mọ́ tónítóní, kó sì gbẹ. Kí ẹnì kan wá tan mọ́tò, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kí ẹnì kejì máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kò gbọdọ̀ dá a dúró síbi ìpẹ̀kun ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan hóòsì nígbà náà o! Atẹ́gùn táyà ò ju bíi 35 psi lọ, àmọ́ agbára tó ń ti ọ́ìlì yìí lè kọjá 1,000 psi. Tó bá ta síni lára, ó lè gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́.

Ibi 4 ló sábà máa ń gbà jò. Àkọ́kọ́ ni hóòsì tó ń dá ọ́ìlì padà sínú ike. Kílíìpù tuntun lè yanjú ẹ̀. Ìkejì ni hóòsì alágbára tó tinú pọ́ǹpù jáde. Ibi tí irin àti rọ́bà ti pàdé ló ti máa ń là. Kílíìpù ò lè mú èyí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìkẹta ni síìlì pọ́ǹpù, ọ́ìlì á máa ta sára bẹ́líìtì. Ìkẹrin lolórí wàhálà, ìyẹn síìlì inú ráàkì. Rọ́bà tó bo ẹnu ráàkì lọ́tùn-ún lósì á máa gba ọ́ìlì pamọ́, ilẹ̀ á gbẹ, onímọ́tò á ní kò jò. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú kílíìpù rọ́bà náà. Bí ọ́ìlì bá dà jáde, àṣírí ti tú nìyẹn.

Tí ọ́ìlì inú ike bá wá ń hó bí ọṣẹ láì jò, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ẹ wo rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu hóòsì tó wọnú pọ́ǹpù.

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì búréèkì sí i, bẹ́ẹ̀ ńṣe nìyẹn ń ba síìlì jẹ́. Ẹ ka ara ìdérí ike: ATF Dexron II tàbí III ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, Honda sì ní tiẹ̀ tó ń jẹ́ PSF.

Ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ewu ń bẹ. Pọ́ǹpù tí ò rí ọ́ìlì á jẹ ara ẹ̀, owó kílíìpù á wá di owó pọ́ǹpù àti ráàkì ní Ládípọ̀. Ọ́ìlì tó bá ń kán sórí ẹ́sọ́ọ̀sì gbígbóná lè dáná. Ẹni tó sì ń ti Bàrígà gba orí Third Mainland Bridge lọ s'Ísàlẹ̀ Èkó, kò yẹ kó jẹ́ ibi tó ti fẹ́ yà bọ́ sílẹ̀ ni sítíárìn á ti le mọ́ ọn lọ́wọ́. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.