Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi rólà kun mọ́tò yín nílé, ẹ gbọ́ o!

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé ní Òmù-Àrán, tàwọn ọmọ ìlú ń darí bọ̀ láti Èkó àti Ìlọrin, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí mọ́tò tiẹ̀ dà bí àwókù láàárín tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ti ń ṣí, mọ́tò ti ṣá, owó táwọn onísípírèé ń pè kì í sì í ṣe èyí tí tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ kánsù lè yọ lápò lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń kan rólà.

Àwọn kan á ní ìtìjú ni. Irọ́ ni o! Bọ́lẹ̀-ká-jà tí káfíńtà fi pákó kàn bọ́dì ẹ̀ láyé àtijọ́ ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún, búrọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n fi kọ òwe sí i lára. Lókè òkun pàápàá, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun mọ́tò níbẹ̀rẹ̀. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Ford ń kun Model T ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀dà Duco tó ń yára gbẹ dé ní nǹkan bíi 1923 ni sípírèé wá ń gbòde.

Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, kì í ṣe rólà. Níbi tó bá ti dípẹtà, ẹ ha á títí irin á fi mọ́ kedere, kẹ́ ẹ fi pùráímà bò ó. Bẹ́ ẹ bá kùn lé ìpẹtà lórí, abẹ́ ni yóò ti máa jẹ irin lọ, ọ̀dà tuntun náà yóò sì wú sókè. Ẹ fi pọ́tì dí ibi tó tẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi sáǹpépà 400 àti omi fọ gbogbo ara ẹ̀ títí tí kò fi ní í dán mọ́, torí ọ̀dà kì í di ohun tó ń dán mú. Ìwé ìròyìn tó ti pẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bo gíláàsì àti iná (kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí o).

Rólà fóòmù kékeré ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe onírun tí wọ́n fi ń kun ògiri. Ẹ fi tápáńtáìnì la ọ̀dà gílọ́ọ̀sì títí yóò fi máa ṣàn bíi wàrà. Ẹ̀ẹ̀kíní tẹ́ ẹ bá kùn ún, yóò burẹ́wà, ẹ ó ṣì máa rí àwọ̀ àtijọ́ lábẹ́ ẹ̀. Níbí yìí lẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á da ọ̀dà sí i gbìì, á sì máa ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ tún un kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa fi sáǹpépà 600 fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbà méjì méjì. Tó bá parí, sáǹpépà 1500 àti pólíìṣì ló kù. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni.

Ẹ fi sí November, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ ò tíì dé. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn títí tí mọ́tò á fi dà bíi sáǹpépà fúnra ẹ̀. Abẹ́ ìbòji sì ni, láàárọ̀, torí oòrùn á gbẹ ẹ́ kí ojú rólà tó parẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ẹ́ ta ọ̀dà tí wọ́n ń po ògùn líle mọ́ fún yín, ẹ má gbà á. Isocyanate tó wà nínú ògùn náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa ikọ́ fée, àwọn ọmọ sì ń ṣeré nínú ọgbà. Mọ́tò tó ní àwọ̀ yẹ́rìyẹ́rì náà, ẹ gbé e lọ fún onísípírèé. Peugeot 504 àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ti ń tò ní Kàdúná láti 1975, tí àwọ̀ ẹ̀ ò ní yẹ́rìyẹ́rì, lèyí bá mu.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn sì ń gbàgbé ni pé àwọ̀ mọ́tò wà nínú ìwé ẹ̀. Bí ìwé bá ní funfun, tí mọ́tò jẹ́ búlúù, ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lè rò pé ẹ jí i ni. Ẹ yáa kun àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ padà, tàbí kẹ́ ẹ yí ìwé náà padà kí mọ́tò tó jáde nílé.