Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́: Ṣé Ká Fi Ekòló Sí I?

Nígbà tí tíṣà wa ní kí kálukú kọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀, mo ní jig ni màá kọ lé lórí. Gbogbo kíláàsì rò pé jígí ni mo wí. Ìyá àgbà mi náà bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?" Rárá o. Jig tí mò ń wí ni ìwọ̀ ẹja tí orí rẹ̀ wúwo, tó rí bíi hóró ẹ̀wà, tí a fi òwú so ìyẹ́ mọ́ lára. Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ni màá kúkú máa pè é.

Èmi fúnra mi ni mo máa ń so ó, lórí tábìlì ìdáná wa ní Thamesmead. Màá fi òwú yí ara ìwọ̀ náà ká dáadáa, màá wá so ìyẹ́ rírọ̀ ti tòlótòló mọ́ ọn, kí ó máa fẹ́ lẹ̀rẹ̀lẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bí ìrù. Tungsten ni mo fi ń ṣe orí rẹ̀, kì í ṣe òjé. Láti 1987 ni wọ́n ti fòfin de títa òjé kéékèèké fún okùn ìwọ̀ ní ilẹ̀ yìí, torí pé àwọn ẹyẹ swan ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n. Tí ìwọ̀ náà bá wọ inú omi, tí mo bá fà á, ìyẹ́ á pa ara pọ̀; tí mo bá dá a dúró, á tú ká. Ńṣe ló dà bí ohun tó ń mí.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa nílé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni Dádì mi dàgbà sí, létí ọ̀sà, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ ẹja. Wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ìwọ̀ tí kò ní ìdẹ, ẹ̀tàn lásán ni." Mo ní, "Dádì, ìdẹ gan-an ńkọ́? Ṣé òótọ́ nìyẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn apẹja kan máa ń fi ègé ọṣẹ sẹ́nu ìwọ̀ láti fi mú àrọ̀. Ọṣẹ o! Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré, àṣé òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é ní adágún Kainji pàápàá. Epo àti ọ̀rá ni wọ́n fi ń se ọṣẹ, ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, òórùn rẹ̀ á sì máa tàn ká. Àrọ̀ ní tirẹ̀, òru ló ń jẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, kódà awọ ara rẹ̀ ń tọ́ nǹkan wò bí ahọ́n. Fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, òórùn ni gbogbo nǹkan.

Ṣùgbọ́n perch kì í ṣe àrọ̀. Perch ni ẹja tí mò ń mú jù ní Southmere àti Birchmere: ara rẹ̀ dà bí ewé, ó ní ilà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pupa. Ojú ló fi ń ṣọdẹ. Ìlà kan tún wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí ìrù, tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ó ní ihò imú o, omi á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, ó sì ń gbóòórùn. Àmọ́ kí òórùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí ìyẹ́ tó ń jó.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Kẹsàn-án, èmi àti Dádì jọ lọ sí Southmere. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìyẹ́ lásán ni mo lò. Mo mú perch mẹ́rin, ètè ni ìwọ̀ ti kọ́ gbogbo wọn, mo sì dá wọn padà sómi. Dádì ní kí n fi ààbọ̀ ekòló sí i, kí n wá wò ó. Mo fi sí i. Ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, méjì péré ni mo mú, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi mú un yàtọ̀. Tí perch bá gé ìyẹ́ jẹ, kíá ló máa mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ, á tu ú dànù. Èyí tó bá tọ́ ekòló wò kò ní tu ú. Ìgbà tí èkejì jẹ ẹ́, mò ń bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Kí n tó fà á, ìwọ̀ ti wọ ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ dà. Dádì gé okùn, wọ́n gbé ẹja náà sínú omi, wọ́n dì í mú jẹ́ẹ́ kó lè mí. Ó dojú ikùn sókè. Kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

A ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Dádì wá sọ nǹkan kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹja bá gbé ìwọ̀ mì, inú apẹja á dùn, torí kò lè bọ́ mọ́, ọbẹ̀ ti dé nìyẹn. Àwa ńkọ́? A ń dá tiwa padà sómi. Ohun tí ìdẹ ń ṣe ni pé kó jẹ́ kí ẹja di ìwọ̀ mú pẹ́. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹja nílò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ẹja padà lọ láàyè ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ òórùn inú ìgò, èyí tí wọ́n ń tà, èyí tó jẹ́ kìkì òróró nínú wọn ò wù mí. Mo kán an sórí ìyẹ́, mo tì í bọ inú básìnnì: ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ra bí irun tí wọ́n fi ìpara kún jù, kò jó mọ́. Òróró kì í sì í yọ́ sínú omi, ohun tó bá yọ́ ni imú ẹja ń gbọ́. Mo wá bu edé ṣíbí kan nínú ike Mọ́mì (Mọ́mì, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú), mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo sẹ́ ẹ. Òwú ara ìwọ̀ nìkan ni mo ń rẹ sínú rẹ̀, mi ò jẹ́ kó kan ìyẹ́. Títí di ìsinsìnyí, ètè ló ṣì ń kọ́ wọn. Ìyẹn ni mo yàn fún adágún, pàápàá nígbà òtútù tí ẹja ò lè sáré.

Ní ti Thames ní Woolwich, Dádì ló jàre. Omi ibẹ̀ pọ́n bíi tíì onímílíìkì, ó ń kún, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹja ò lè rí ìyẹ́ mi níbẹ̀. Ekòló ló ń ṣiṣẹ́ fún flounder àti eel. Tí eel bá jẹ ẹ́, òfin ní kí ẹ dá a padà láàyè, nítorí náà ẹ má gbójú kúrò lára okùn, ẹ tètè fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ pẹlẹbẹ, á rọrùn láti yọ. Ẹ fomi tutù ra ọwọ́ kí ẹ tó di ẹja mú. Ọmọ tí kò tíì pé 13 kò nílò ìwé àṣẹ ìpẹja. Láti 13 dé 16, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin máa sanwó tiyín. Ẹ tún béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó adágún kí ẹ tó ju ìwọ̀.

Dádì ti ń wa ekòló sínú ike áísìkiriìmù fún ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún wọn pé Southmere là ń lọ.