Orin Ìyìn ní Pápá Festac: Ohun tí Olùkọ́ Èdè Yorùbá Lè Gbọ́ Níbẹ̀

Inú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, níwájú pátákó ìkọ̀wé, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń kọ́ni ní ohùn èdè Yorùbá. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ mú wa jáde síta, sí àwọn pápá tí àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì ti máa ń pé jọ kọrin láti àárọ̀ di alẹ́ ní Festac àti agbègbè Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ èrò, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá, fi máa ń mọ ègbè orin Yorùbá tí wọn kò gbọ́ rí kí adárin tó lé e lẹ́ẹ̀mẹta, tí orin inú ìwé sì máa ń há wọn lẹ́nu?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Àjọ̀dún ló bí Festac. Orí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé sí láti fi gba àlejò Àjọ̀dún Àgbáyé Kejì fún Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Ènìyàn Dúdú, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn tó gba ilé náà lẹ́yìn àjọ̀dún wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Ojúlé Yorùbá, ti Ìgbò àti ti Ẹ̀dó lè fara ti ara wọn ní òpópó kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn fi ń ṣeré. Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, tó fẹ́ kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fagi lé ní ọdún 2025. Ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè la ẹnu rẹ̀ sọ Yorùbá ketekete kò pọ̀ mọ́. Pápá orin jẹ́ ọ̀kan.

Ìsìn ìta gbangba kì í ṣe àṣà àná. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930 lábẹ́ Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, èrò pọ̀ ju ohun tí ilé ìsìn lè gbà lọ. Ní ayé òde òní, The Experience, tí Paul Adefarasin àti ìjọ House on the Rock dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Òru inú oṣù Kejìlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ní Gbàgede Tafawa Balewa ní Erékùṣù Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti ọdún 2020 ti wáyé nítorí àrùn kòrónà. Àwọn olórin Amẹ́ríkà máa ń wá síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Fún iṣẹ́ tiwa, àwọn kéékèèké tí ìjọ àdúgbò ń ṣe lọ́sàn-án ló wúlò jù, nítorí a lè rí ẹnu akọrin.

Àárọ̀ ni wọ́n máa ń pe ènìyàn sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó to àga oníke sábẹ́ àtíbàbà tán, kí jẹnẹrétọ̀ sì tó gbà láti dún, oòrùn ti mú. Ẹgbẹ́ akọrin kan ń gòkè, òmíràn ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé ẹni tó ń kiri gúgúrú. Bí orin bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ a jókòó máa wòran. Bí adárin bá lé ti Yorùbá, tí ìyáálù sì dá sí i, wọ́n a dìde. Lílé àti gbígbè ló fà á ní apá kan, nítorí ẹni tó ń gbè kò ní ohun púpọ̀ láti há sórí. Ìdí tó jinlẹ̀ jù wà nínú ohùn.

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n ṣì fi ń kọ ọ́. Bí ohùn orin bá gòkè ní ìparí “ẹ̀jẹ̀”, “ẹ̀jẹ́” ni etí ń gbọ́. Ẹni tó ń kọrin ìràpadà ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ láìmọ̀. Bí a bá tún ohùn orin ṣe kó lè bá ẹsẹ kìíní mu, ẹsẹ kejì yóò dà á rú, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Àwọn àgbà ti rí èyí tipẹ́. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà, ṣe orin ìsìn ní ìlànà Yorùbá, ó sì gba ọ̀pọ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti ọdún 1914 di 1962, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ti ọdún 1953.

Orin ègbè kúkúrú tí à ń gbọ́ ní pápá sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Láti inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti yọ ohùn orin rẹ̀: ibi tí ohùn òkè wà, orin a gòkè; ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà, a sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ orin náà ń kọ́ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọmọ tó máa ń pe “ọkọ̀” ní “ọkọ” nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ fi lè pè é bó ti tọ́ nígbà tó bá ń kọrin.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà tún jẹ́ ìṣúra. Bí a ti ń ki ọba ni wọ́n ń ki Ọlọ́run: Atẹ́rẹrẹkáyé, Arúgbó Ọjọ́, Alágbára. Nínú Atẹ́rẹrẹkáyé nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-”, yóò rí àpólà ìṣe “tẹ́ rẹrẹ ká ayé”, yóò sì rí ìpajẹ fáwẹ́lì láàárín “ká” àti “ayé”. Àwọn kan a máa sọ pé orin ìjọ kì í ṣe lítíréṣọ̀. A kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ibi mìíràn tí ọmọ Festac ti ń gbọ́ oríkì hàn wá.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọ kó tó lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kó jókòó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí ariwo rẹ̀ máa ń gbé ohùn ìyáálù mì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ègbè orin kan sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kó fa ìlà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí orin ti ń lọ, lẹ́yìn náà ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Níbi tí ìlà àti àmì kò bá ti bára mu, kó wádìí: bóyá láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti túmọ̀ orin náà, bóyá ẹni tó ń tẹ dùùrù ló yí i padà, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ṣi àmì fi. Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí kò bá fẹ́ lọ lè fi orin àwọn obìnrin Àsàláátù ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí etí tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bo ohùn mọ́lẹ̀.