Ẹni Tí Ó Mú Fèrè Lọ́wọ́

Kò sí ìlú tí a dé tí a kì í bá àwọn ọmọ nídìí bọ́ọ̀lù. Àgbà náà kì í gbẹ́yìn, wọ́n ń wòran. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, eré a di ìjà. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Rẹfirí ni adájọ́ orí pápá. Àwọn àgbà ní, "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Ojú kan náà ni kí rẹfirí fi wo ẹgbẹ́ méjèèjì. Kò ní ọmọ, kò ní ará ìlú lórí pápá.

Ẹ ti rí i tí rẹfirí ń na káàdì sókè. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1966, England àti Argentina pàdé ní ìlú London nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ará Jámánì ni rẹfirí. Ó ní kí Rattin, balógun Argentina, jáde. Rattin kò gbọ́ èdè rẹfirí, rẹfirí kò gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà kọ̀, eré sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Ken Aston, ọ̀gá àwọn rẹfirí níbi ìdíje náà, ń ro ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti ń wa mọ́tò lọ. Ó dé ibi iná tí ń darí ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì là: àwọ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ní Mexico, ní ọdún 1970, káàdì dé Ife Àgbáyé. Èyí tí ó dà bí èso ìyeyè jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tí ó bá gba méjì rẹ̀ nínú eré kan, ó di pupa. Pupa ni pé kó jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá rí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àwa ni a fun fèrè lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ wa bá ilé-ìwé mìíràn gbá bọ́ọ̀lù. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ọmọ wa kan fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù wọlé. A rí i. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń hó yèè, a kò sì fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́. A gbà á ní góòlù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá bá wa. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ ni mo fi tì í. Mo rò pé ẹ rí i." Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Oṣù kan kọjá kí a tó lè kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé kejì pé àwa ni a jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n bí rẹfirí tilẹ̀ ṣì í, ìjà kò lè tún un ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọdún 1964, Peru ń bá Argentina gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Lima. Argentina ti ní góòlù kan. Nígbà tí eré ń parí lọ, Peru gbá ọ̀kan wọlé, rẹfirí ní òun kò gbà á. Òǹwòran méjì ya wọ pápá, inú bí àwọn yòókù. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Èrò sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n tẹ ara wọn pa. Àwọn tí ó kú lé ní 300, lórí góòlù kan ṣoṣo! Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn àti ẹni tí ó yin tajútajú náà ní ìpín nínú ẹ̀bi ọ̀hún.

Láti Ife Àgbáyé ọdún 2018, rẹfirí lè wo àwòrán lójú ẹ̀rọ kó tó dájọ́. Ẹ̀rọ yẹn kò sí ní pápá abúlé. Ẹ̀rí ọkàn ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá mú fèrè, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ fun ún lé lórí. Bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má yí rẹfirí ká. Bí ẹ bá ń wòran, ẹ má sọ òkò, ẹ má wọ pápá. Bí ẹjọ́ bá wà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ṣètò ìdíje. Ẹ kúkú ti mọ̀wé kọ.