Ìgbéléwọ̀n Atúnṣe àti Ìgbéléwọ̀n Ìkẹyìn Nínú Ìgbékalẹ̀ Ìlànà-Ẹ̀kọ́: Ohun tí Ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ Kọ́ Wa

Ìfáàrà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà wo ni ó yẹ kí á gbé ìlànà-ẹ̀kọ́ lé ìwọ̀n, kí sì ni ó yẹ kí á fi àbájáde rẹ̀ ṣe? Ní orílẹ̀-èdè wa, bí a bá dárúkọ ìgbéléwọ̀n, WAEC, NECO àti JAMB ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Àwọn ìdánwò wọ̀nyí ń sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé. Wọn kì í sọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè tí ó fọwọ́ sí ní 2022, èsì ìdánwò sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ lè sọ bóyá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó.

Kí ni ìgbéléwọ̀n méjèèjì yìí?

Michael Scriven ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tí ó sì fún wọn ní orúkọ ní 1967. Èyí tí a pè ní ìgbéléwọ̀n atúnṣe níhìn-ín ni èyí tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́, kí á lè rí àléébù kí á sì tún un ṣe. Ìgbéléwọ̀n ìkẹyìn ni èyí tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ti parí, kí á lè dájọ́: ṣé kí á tẹ̀ síwájú ni, àbí kí á fẹ̀ ẹ́, àbí kí á pa á tì?

Ẹni tí ó bá ti dé Òpópónà Igun ní ìlú Benin yìí yóò tètè lóye rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ idẹ máa ń fi ìda mọ ère ná. Bí imú ère bá wọ́, ọwọ́ àti ọ̀bẹ tó láti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi amọ̀ bò ó, tí iná yóò yọ́ ìda jáde, tí wọn yóò sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ amọ̀, ìdájọ́ ni ó kù. Imú tí ó wọ́ nínú ìda yóò wọ́ nínú idẹ. Àwọn baba wa náà sọ ọ́ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé kì í ṣe irú ìbéèrè tí a bi akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, bí kò ṣe ohun tí a fi èsì ṣe. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, máàkì 40 ni fún ìgbéléwọ̀n ìgbà-dé-ìgbà, 60 ni fún ìdánwò ìparí sáà. Bí olùkọ́ bá fún kíláàsì ní tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí ó rí i pé àmì ohùn kò yé wọn, tí ó sì padà kọ́ ọ lọ́nà mìíràn, atúnṣe ni. Bí ó bá kàn kọ máàkì sínú ìwé tí ó sì kọjá lọ, ìdánwò ìkẹyìn kékeré ni ó ṣe. Àìsàn tí ń bá ìgbéléwọ̀n ìgbà-dé-ìgbà wa jà nìyí: máàkì pọ̀, àtúnṣe kò sí.

Àpẹẹrẹ Ilé-Ifẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ ọ. Ní kíláàsì tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, Yorùbá ni wọ́n lò fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin.

Kò sí ìwé Yorùbá fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tó tó wọn lò nígbà náà. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èrò tuntun. Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣeé ṣe láìsí ìgbéléwọ̀n atúnṣe, nítorí inú kíláàsì nìkan ni a ti lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá yé ọmọ. Nígbà tí ó di 1973, wọ́n mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì: ohun tí ó yọrí sí rere ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ní ìrànwọ́ lè má yọrí sí rere níbi tí ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí.

Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́ tó dé. Àbájáde, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ènìyàn lè jiyàn pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní wà lára ohun tó fa èyí. Ṣùgbọ́n a rí ohun tí a lè jiyàn lé lórí, nítorí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, wọ́n sì ní kíláàsì tí wọ́n fi í wé.

Ìlànà èdè ti 2022

Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ní kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án 2023 yóò parí kíláàsì kẹfà ní 2029, yóò sì ṣe WAEC ní 2035. Ẹni tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti wọ kíláàsì kìíní láti nǹkan bí 2013. Èsì rẹ̀, ìbáà dára, ìbáà burú, kò lè jẹ́rìí nípa ìlànà 2022.

Lóòótọ́, láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti fi àyè gba èdè abínibí ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó lè di ẹ̀bi ìjákulẹ̀ rù ú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e àti èyí tí kò tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n atúnṣe nìyẹn.

Àwọn tí kò fara mọ́ ìlànà náà ní ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu. Olùkọ́ àti ìwé kò tó, ìlú ńlá sì kún fún oríṣiríṣi èdè. Ní Ekenwan Road níbí, Ẹ̀dó ni èdè àwọn onílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kan a lè bá ọmọ Ẹ̀sán, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá, tí gbogbo wọn ń sọ Pidgin bí wọ́n bá jáde lọ ṣeré. Èwo ni èdè àdúgbò? Ìbéèrè tí a ń bi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ìdáhùn bá ṣòro, àtúnṣe ni ó ń béèrè fún, kì í ṣe ìdájọ́.

Àbá

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra máa kọ ohun tí kò yé àwọn ọmọ sílẹ̀, kí ó sì dá a padà fún ẹ̀ka rẹ̀.
2. Kí èsì tẹ́ẹ̀sì dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí á tó bọ́ sí orí-ọ̀rọ̀ tí ó kàn.
3. Kí á dán ìlànà-ẹ̀kọ́ tuntun wò ní ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀, títí kan èyí tí kò rí jájẹ, kí á sì ní èyí tí a ó fi wé e.
4. Kí á kọ ọdún tí ìdájọ́ yóò wáyé àti ìbéèrè tí yóò dáhùn sínú ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbéléwọ̀n atúnṣe àti ti ìkẹyìn kì í ṣe orogún. Ti ìṣáájú ni ó ń mú kí ìdájọ́ ti ìkẹyìn tọ́. Bí a bá fo ti ìṣáájú, a ó máa sọ ìlànà tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nù, láìmọ̀ bóyá ìlànà ni kò dára tàbí a kò tilẹ̀ tíì lò ó. Ọ̀wọ́n ni owó tí irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ná wa, àwọn ọmọ ni ó sì ń san án.