Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Gbà Á Gbọ́



Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àṣàlátù wa ní Ìyànsàn, ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bi mí pé: “Áfáà, ṣé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọbìnrin ń di ilé ọmọ wọn pa?” Orí fóònù ló ti gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má baà mú wọn lọ́jọ́ iwájú. Kì í di ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe wá ní jàǹbá rí.

Ní 2003, ní Kánò, wọ́n ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu ni òyìnbó fẹ́ fi sọ ọmọbìnrin Mùsùlùmí di àgàn. Ọ̀rọ̀ náà rí ẹsẹ̀ dúró, nítorí pé ní 1996 òyìnbó ti dán oògùn titun wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn nílùú kan náà, àwọn kan sì kú. Kánò dá oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró títí di oṣù keje 2004. Àrùn náà ti ilẹ̀ wa dé Sudan, Yemen, títí dé Indonesia. Ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó rọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n irọ́ yìí: ohun méjì tí obìnrin Mùsùlùmí kì í fi ṣeré, ọmọ bíbí àti ẹ̀sìn, ló gbà wọlé. Obìnrin náà ló sì jìyà rẹ̀. Nítorí ọkùnrin àjèjì kì í wọ ilé ẹlẹ́hàá, obìnrin ló ń kán oògùn náà káàkiri. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 2013, àwọn oníbọn pa ó kéré tán obìnrin 9 nínú wọn ní Kánò.

Ọlọ́run kìlọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ̀ 6, pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí, kí á má baà ṣe ẹlòmíràn níbi láìmọ̀, kí á wá kábàámọ̀.

Ìyá mi, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ bèèrè: ta ló sọ ọ́? Ta ni ó ṣojú rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì. Èmi àti ìyá yẹn jọ lọ ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kò lè dúró de ọjọ́ náà.